Wọ́n so mọ́tò mi mọ́lẹ̀, ìwé ètò òkú ló wà nínú búùtù

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹjọ́ tiwọn: èmi ni mo jẹ̀bi. Ibi tí mo gbé mọ́tò sí lọ́jọ́ náà kì í ṣe ibi tó yẹ kéèyàn gbé mọ́tò sí. Orí kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà ni mo gbé táyà méjì lé, táyà méjì yòókù wà lójú títì, ìdí mọ́tò sì yọ sí ẹnu kọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti ń yà. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa, láti Fọlá Àgòrò wọ Ṣípẹ́olú títí dé ìsàlẹ̀ Bàríga, á mọ̀ pé bí gbogbo ayé ṣe ń gbé mọ́tò sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n pé gbogbo ayé ń ṣe é kò ní kó má jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe ní Ṣómólú. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ Ṣómólú, ẹ ti mọ̀ pé ìdí iṣẹ́ bébà lẹ dé: kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, pósítà olóṣèlú, ìwé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀ là ń tẹ̀. Bàríga ni mo ń gbé. Ibi tọ́rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ kò jìnnà sí ibi méjèèjì, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má bi mí pé kánsù wo ló ni ín, torí mi ò ní í sọ. Kánsù kan kọ́ ló ń ṣe é ní Èkó, bí mo bá sì dárúkọ èyí, àwọn tó kù á rò pé ọ̀rọ̀ ò kan àwọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Ìwé ètò ìsìnkú 500 ló wà nínú búùtù mi, páálí márùn-ún. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni àìsùn òkú máa bẹ̀rẹ̀ ní Múṣín. Ìyá arúgbó lẹni tó kú, ọmọ rẹ̀ àgbà tó gbéṣẹ́ fún mi sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di aago méjìlá ọ̀sán. Mo kàn ní kí n yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá mi lẹ ọ̀rá mọ́ ẹ̀yìn ìwé kó lè máa dán, kí n sanwó tí mo jẹ wọ́n. Mi ò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí màá fi jáde, irin pupa ti wà lẹ́sẹ̀ táyà iwájú, àgádágodo wà lára ẹ̀, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n wọ ẹ̀wù péńpé aláwọ̀ ọsàn lé aṣọ wọn sì dúró tì í bíi àwọn tó ń ṣọ́ òkú.

Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní mo dí ọ̀nà. Mo ní ó dáa, èló ni? Èyí tó ń ṣe bí ọ̀gá nínú wọn ní N25,000 ni. Bó ṣe ń sọ ọ́ yẹn, kò wo ìwé kankan o, ojú mi ló ń wò, ó tún wo bàtà ẹsẹ̀ mi. Ẹni tó bá ń ná ọjà ní Bàríga mọ irú ìwò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wo bó o ṣe rí kí wọ́n tó dá iye lé e. Mo ní kó fún mi níwèé ẹ̀. Ló bá já bébà kan nínú ìdìpọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó kọ nọ́ńbà mọ́tò mi sí i, ó kọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó kọ iye owó sí, ńṣe ló fi í sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ̀yin ará, bébà niṣẹ́ mi. Mo yí ìwé yẹn síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Orúkọ kánsù wà lókè ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò ní nọ́ńbà. Ìdìpọ̀ rìsíìtì tó bá jẹ́ ti ìjọba, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà lára ewé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ iye tí wọ́n ti já àti iye tó kù. Ìdí nìyẹn táwa tá a wà ní Ṣómólú fi ní ẹ̀rọ kékeré tá a fi ń tẹ nọ́ńbà. Bébà tí kò bá ti ní nọ́ńbà, kò sẹ́ni tó lè ṣírò owó tó gba ara ẹ̀ wọlé láéláé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ ẹ́ sanwó ni àbí ẹ ò ní í san? Tó bá di aago mẹ́rin, a máa wọ́ ọ lọ sí yáàdì o. Owó wíwọ́ á kún un, owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan á tún máa gun orí ẹ̀."

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbí, kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà tí mo ti wá mọ̀ báyìí. Kánsù lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé mọ́tò síbi tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa la máa ń pariwo pé kí ló kan kánsù kan mọ́tò, pé iṣẹ́ LASTMA nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà àti gáréèjì mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, ìjọba ológun ti ṣe òfin kan ní 1998 tó to gbogbo owó tí ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè máa gbà. Ogún ni ti ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀, owó lórí gbígbé mọ́tò síbi tí kò yẹ sì wà nínú wọn. Òun àti owó kẹ̀kẹ́, owó ọmọlanke, owó ẹran ọ̀sìn, títí kan owó lórí dídí títì pa nítorí òde àríyá, ni wọ́n jọ wà lójú kan náà. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń na kánópì sójú títì lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gbọ́ o.) Ní 2010, ìjọba Èkó náà ṣe òfin tiẹ̀ tó to owó tí kánsù lè gbà.

Ṣùgbọ́n òfin 1998 yẹn kan náà ló ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe gbégi dínà nítorí àtigba irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò, N50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ló wà fún un, wọ́n sì lè fún un ní méjèèjì. Títì ńláńlá bíi Ìkòròdú Road náà kì í ṣe ti kánsù. Ibẹ̀ ni LASTMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tèmi yìí ni ìjọba ìpínlẹ̀ tún fi òfin 2018 gbé àjọ LASPA kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí, ìyẹn sì fi kún iye àwọn tó lè kan fèrèsé èèyàn.

Nítorí náà, ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ kánsù. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn ni ẹ̀tọ́ láti wo bàtà mi kó tó dá iye.

Ká padà sójú títì. Aago méjì ti kọjá. Mo ti ná owó náà wálẹ̀ dé N15,000, òun náà ti wò mí pé ara mi ò balẹ̀. Fóònù mi tún dún, ọmọ olóòkú ni. Mi ò gbé e. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o, mo ti ń tọwọ́ bọ àpò láti sanwó. Ìgbà yẹn ni èyí tó kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sún mọ́ mi, ó kọ́kọ́ kí mi. Mi ò dá a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣé ọmọṣẹ́ ló jẹ́ rí lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi, kí ọ̀gá ẹ̀ tó ta ẹ̀rọ nítorí owó dísù. Ó rọra sọ̀rọ̀ bíi ẹni tí kò fẹ́ káwọn yòókù gbọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, táyà la so o. A ò so búùtù."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí. Láti bíi wákàtí kan ni mo ti ń bá wọn jà lórí ìwé òkú, búùtù sì wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi! Inú tó ń bí mi ti dí mi lójú. Mo pe ọmọṣẹ́ mi, ó gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá wá, a ko páálí márààrún sínú ẹ̀, ó di Múṣín. Kò tó aago mẹ́rin tí ọmọ olóòkú fi pè mí pé ìwé ti dé, pé fọ́tò ìyá àwọn mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ẹ wá wo ojú ọ̀gá wọn nígbà tí kẹ̀kẹ́ yẹn ṣí. Ó ti rí i pé kò sí ohun tó ń lé mi mọ́. Fúnra ẹ̀ ló já a wálẹ̀ sí N12,000, ó ní mi ò ní í gba rìsíìtì, kí n sáà máa lọ. Mo ní tí kò bá ti sí rìsíìtì, kò sówó. Wọ́n wọ́ mọ́tò lọ lóòótọ́. Kí wọ́n tó lọ ni mo bi ọmọdékùnrin yẹn pé ṣé òṣìṣẹ́ kánsù ni wọ́n. Ó ní rárá o, kọngílá kan ló kó àwọn wá, kò sí owó oṣù, ohun táwọn bá mú wọlé lọ́jọ́ kan ni wọ́n ń bù fáwọn níbẹ̀. Mo wo bàtà tiẹ̀ náà. Mi ò lè bínú sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kánsù tàwọn lọ́hùn-ún kì í bá èèyàn dúnàádúrà, ìwé ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò. Tó o bá san án láàárín ọjọ́ 14, ìdajì ni wàá san. Tó o bá lóò jẹ̀bi, wàá kọ̀wé sí wọn. Tí wọ́n bá kọ̀, ibì kan wà tí kò sí lábẹ́ kánsù, London Tribunals, tó o lè gbé ẹjọ́ lọ láìsan kọ́bọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé tí kánsù bá gba ìwé àròyé tí òfin là kalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, tí wọn ò sì fèsì láàárín ọjọ́ 56, ìwọ lo jàre nìyẹn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, níbí, tá a bá ní ká máa ka ọjọ́ tí ọ́fíìsì ò fèsì, gbogbo wa la máa jàre.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló fún mi lóye. Ní ọjọ́ Ajé, mo jókòó, mo kọ lẹ́tà. Alága kánsù ni mo kọ ọ́ sí, mo ní kó gba ọwọ́ mánéjà kánsù kọjá, mo sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń rí sí owó tó ń wọlé. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo sọ pé mo gbé mọ́tò síbi tí kò yẹ, mo kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ àdúgbò, mo lẹ fọ́tò irin ẹsẹ̀ táyà mọ́ ọn pẹ̀lú ẹ̀dà tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Mo wá bi wọ́n pé òfin kánsù wo ni mo rú, èló ni òfin náà ní kí n san, kí ló sì dé tí tíkẹ́ẹ̀tì wọn kò ní nọ́ńbà? Kò ju ojú ewé kan lọ.

Akọ̀wé tó gbà á ní kí n fi sílẹ̀, kí n máa lọ. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tèmi. Ó wò mí títí, ó bi mí pé lọ́yà wo ló kọ ọ́ fún mi. Bẹ́ ẹ bá mú lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọn ò lu ẹ̀dà tiyín lóǹtẹ̀, ẹ ò mú nǹkan kan lọ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn kí wọ́n tó pè mí wọlé ní ọjọ́rú. Ìyá àgbàlagbà kan ló wà níbẹ̀, ó ti fi àwò ojú ka lẹ́tà mi, ó sì ti fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà.

Ìyá yẹn ò bá mi ṣeré. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi? Mo ní mo mọ̀, mà. Ó ṣí ìwé òfin kánsù, ó fi ìka tọ́ka sí i: N5,000. Mo ní wọ́n ní N25,000 ni. Kò fèsì. Ó na tíkẹ́ẹ̀tì mi sókè síbi iná, ó ní ìdìpọ̀ yìí kò jáde látọ̀dọ̀ àwọn. Ó kọ ọ́ sí ìdí lẹ́tà mi pé kí wọ́n má gba owó yáàdì lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní ìwé pé kí n lọ san N5,000 sí báńkì. Nígbà tí mo mú ìwé báńkì padà wá, wọ́n já rìsíìtì gidi fún mi. Nọ́ńbà wà lára ẹ̀, pupa báyìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo fẹnu kò ó.

Ká ní wọ́n kọ̀ ńkọ́? Mo ti bi lọ́yà kan tá a jọ ń lọ mọ́ṣáláṣí kan náà. Ó ní ìwé òfin 1999, ní abala 36, sọ pé a kò lè dá èèyàn lẹ́bi ọ̀ràn tí kò sí nínú òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí wọn ò sì kọ ìyà rẹ̀ síbẹ̀, pé èèyàn sì lẹ́tọ̀ọ́ kí ilé ẹjọ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Nítorí náà, mo lè sọ pé kí wọ́n gbé mi lọ sí kóòtù. Ó ní Public Complaints Commission náà wà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ láti 1975, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹjọ́ ọ́fíìsì ìjọba sùn wọ́n. Ó tún fẹ́ fa ọ̀rọ̀ kánsù tuntun yọ. Ẹ rántí pé ní 2003, nígbà ìjọba Tinubu, ni wọ́n dá kánsù tuntun 37 kún 20 tó wà ní Èkó tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ Bàríga kúrò lára Ṣómólú. Ní 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní dídá tí wọ́n dá wọn kò burú, àmọ́ kò tíì pé títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ á fi ṣe tiwọn. Lọ́yà ní èèyàn lè fìyẹn jà. Mo ní ẹ̀gbọ́n, mọ́tò ni mo fẹ́ gbà, kì í ṣe orílẹ̀-èdè.

Èrò tèmi ni pé ọdún yẹn náà ni wàhálà yìí ti le sí i. Ọbásanjọ́ di owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú ní 2004 nítorí kánsù tuntun yẹn, 2007 tí Yar'Adua dé ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko tí kánsù fi wà láìrí owó Àbújá, ojú ẹ̀ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo títì wá owó. Ẹni tó bá ti kọ́ ọ, kì í tètè gbàgbé.

Mo dé yáàdì, bátìrì ti kú, òjò ti gba ojú fèrèsé tí mi ò tì dáadáa wọlé. N1,500 ni mo fún ẹni tó bá mi ṣáná sí i. Tí n bá ro owó ọkọ̀ ọjọ́ mẹ́ta àti iṣẹ́ káàdì ìpè kan tó bọ́ lọ́wọ́ mi, ohun tó bá mi lọ ju N12,000 tí wọ́n ní kí n san láìgba rìsíìtì lọ. Ìyàwó mi bá mi ṣírò ẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jàre, ẹ sì jẹ gbèsè." Mi ò rí èsì fún un. Mo fi rìsíìtì yẹn há ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà ní ṣọ́ọ̀bù, ó wà níbẹ̀ dòní.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú oṣù Kejì, ọkùnrin kan tó múra dáadáa wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó mú àpẹẹrẹ ìwé kan dání, ó fẹ́ kí n tẹ ìdìpọ̀ 50 irú ẹ̀ fóun, ewé 100 nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo gbà á, mo wò ó. Orúkọ kánsù wà lókè. Mo ní nọ́ńbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀? Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kò nílò nọ́ńbà. Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó bá mi mú lẹ́tà wá láti kánsù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń bèèrè lẹ́tà nítorí rìsíìtì lásán? Ó gba àpẹẹrẹ ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó jáde.

Owó iṣẹ́ yẹn ì bá san owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi ní sáà náà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi rí ìdìpọ̀ tuntun lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ ọsàn ní ẹnu kọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Èmi àti ẹni tó ni ín la jọ ń da owó dísù.